Omi gbígbóná Màámi

Lójú Màámi, kò sí ohun tí omi gbígbóná kò lè wò. Ara ríro, òtútù, abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi gbígbóná ni. Nítorí náà, nígbà tí mo wọlé ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, tí eyín mi ń gbá ara wọn kẹ̀kẹ̀kẹ̀, wọ́n ti ṣí omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ dẹ́nu, ooru ń rú túú lójú ẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó gáàsì ní Ìlú Ọba mọ bó ṣe dùn mí tó.)

"Yáa kó sínú omi yìí, kí òtútù yẹn tó wọ eegun ẹ lọ!"

Stoney Cove ni mo ti ń bọ̀, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta nígbà kan ní Leicestershire, tí omi wá gbà, táwa tá a ń mòòkùn sì sọ di òkun tiwa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mòòkùn lọ́jọ́ náà, ìsàlẹ̀ tó bíi mítà 20 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Omi tutù bíi ti fìríìjì. Ìbọ̀wọ́ mi ọ̀tún jò, n kò mọ ọwọ́ yẹn lára mọ́ kí n tó gòkè.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà, àmọ́ mi ò lè wọ̀ ọ́ báyìí. Ó di alẹ́." Inú bí wọn. Wọ́n ní èmi tí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ dàgbà ni mo wá ń ṣe bí òyìnbó.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ní mítà 20, ohun tó ń tẹ èèyàn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti orí ilẹ̀. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tá à ń mí láti inú sìlíńdà yóò máa yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rọra gòkè, tá a ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5, kó lè máa jáde lára díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, kì í tán lára lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n ní kó dúró ó kéré tán wákàtí 18 kó tó wọ bàálù. Òtútù tún máa ń fún iṣan apá àti ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lọ geere láti kó náítírójìn náà dànù. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí gan-an ni mò ń rò.

Màámi kàn ń wò mí. Ni mo bá rántí pé minira ni wọ́n tà ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Màámi, minira tó bá gba oòrùn, tẹ́ ẹ bá ṣí i ńkọ́?"

"Háà! Á tú dà sí oníbàárà láyà ni. Tinú yìnyín ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni minira yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an náà nìyẹn: bí ara bá gbóná lójijì, kò lè di náítírójìn mú mọ́, á di ìfófòó kí ẹ̀jẹ̀ tó rí i gbé lọ. Ìfófòó yẹn làwọn amòòkùn ń pè ní bends: awọ ara á máa yún, oríkèé á máa ro, bó bá burú, ẹsẹ̀ á kú tipiri. Ewu tó wà nínú omi gbígbóná tún jùyẹn lọ, torí ó lè mú kí oríkèé tó ń ro rọlẹ̀ díẹ̀, kéèyàn rò pé ó ti tán, nígbà tó jẹ́ ọ́síjìn àti dókítà ló yẹ kó máa wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń mòòkùn kò gbà. Ó máa ń tọ́ka sí ìwádìí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2007, pé àwọn tí ara wọn móoru nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀, bends kì í sábà mú wọn. Òótọ́ ni, àmọ́ abẹ́ omi làwọn yẹn ṣì wà, omi ṣì ń tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kọ́ lẹni tó jáde sílẹ̀ tán tó wá bẹ́ sínú omi tó ń rú èéfín.

Lọ́jọ́ náà, mo pààrọ̀ aṣọ, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo mu ògì gbígbóná, mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Omi tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ ńkọ́? Màámi ní owó ò ṣeé dà nù, wọ́n wọ̀ ọ́ fúnra wọn. Mò ń gbọ́ orin wọn láti yàrá.