Ẹ Má Yọ Fá Kúrò Lára Orúkọ Bàbá Yín

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ bá mi fara dà á. Ẹni tó bá wá láti ilé tí orúkọ wọn fi Fá, Ògún, Ṣàngó tàbí Èṣù bẹ̀rẹ̀ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ ṣáà mọ wòlíì tó ní orúkọ yín ló di ògo yín lọ́wọ́.

Nílé tiwa n'Íbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ yọ Fá, wọ́n fi Olú rọ́pò rẹ̀. Àbúrò wa obìnrin ní Jésù ni tòun. Èmi ò fọwọ́ kan tèmi. Bàbá wa ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Nígbà tí Bàbá papòdà, a kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí owó ìfẹ̀yìntì wọn. Màmá wa bá wa lọ, aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn. Akọ̀wé tó gba ìwé to NIN àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Ó ka ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ka tèmi, ó ka ti àbúrò wa, ó tún un kà. Ló bá gbójú sókè, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ọkọ mélòó lẹ bí àwọn wọ̀nyí fún?"

Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ló gbọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Màmá wa, tí ọmọdé kì í rí fín, wá ọ̀rọ̀ tì. Wọ́n ń fọwọ́ tún ìborùn wọn ṣe ṣáá, wọ́n ń ní, "Bàbá kan náà ni o, ìyá mi, bàbá kan náà ni." Ọmọ tó tó ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n ń pè ní ìyá mi, tí wọ́n ń bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ilé máa ń mì tìtì tí wọ́n bá ń gbàdúrà, dorí kodò. Nítorí Màmá nìkan ni mo ṣe pa ẹnu mi mọ́.

A búra ní kóòtù, a polówó nínú ìwé ìròyìn, mọ́gàjí kọ lẹ́tà. Wọ́n sanwó náà nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí. Fá inú orúkọ kì í ṣe ẹbọ, ilé tí èèyàn ti wá ló ń sọ. Àyàn ń sọ pé ọmọ onílù ni, Ọ̀jẹ̀ ní ọmọ eléégún ni, Ọdẹ́ ní ọmọ ọdẹ ni. Ẹ̀yin tó ń jẹ́ Adé, ẹni kankan ò ní kẹ́ ẹ yọ tiyín! Mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní babaláwo. Bí mo bá tilẹ̀ jẹ́ babaláwo ńkọ́?

Èkejì, tí ẹ bá máa yí i, ẹ yí i délé: NIN, BVN, ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí, àti ìwé iṣẹ́ bàbá yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Omi àdúrà ò dé kọ̀ǹpútà báńkì.

Ẹ̀kẹta jọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n màá tún un sọ: Fá kì í ṣe ẹbọ. Mojọlá Agbébí, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, David Brown Vincent ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní 1894 ó pa orúkọ òyìnbó yẹn tì, ó mú ti Yorùbá, ó sì ń wàásù rẹ̀ lọ. Òun ju ti àlejò nù, àwa ń ju ti bàbá wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò ní padà sídìí Fá láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹsẹ Bíbélì tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, wọ́n ti fi gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí.