Ìwé 13, Kò Sí Yorùbá Níbẹ̀

Lọ́dọọdún, bí oṣù kejì bá ti ń parí lọ tàbí tí oṣù kẹta bá wọlé, àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní láíbìrì àdúgbò wa ní Sheffield. Àwa díẹ̀ kan la máa ń pàdé níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ìwé. Àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú wa. Obìnrin ará Póláńdì kan wà níbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni ọmọ Pakísítánì kan náà wà níbẹ̀. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ni mo máa ń pẹ́ dé jù, torí ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ti máa ń gba ibẹ̀ lọ tààrà, aṣọ iṣẹ́ á ṣì wà lọ́rùn mi. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé àkókò yẹn ni àwọn adájọ́ International Booker máa ń gbé orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Ireland, ni wọ́n ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣa méjìlá tàbí mẹ́tàlá, wọ́n á yọ mẹ́fà nínú rẹ̀, tó bá di oṣù karùn-ún, wọ́n á mú ọ̀kan. Pọ́n-ùn 50,000 ni owó rẹ̀: ìdajì fún ẹni tó kọ ọ́, ìdajì fún ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti gba tiwọn gan-an nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ìwé ló wà tí ẹ ò ní rí orúkọ atúmọ̀ lára èèpo rẹ̀. (Wọn kì í ṣe é báyìí tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, gbogbo iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ti ṣe láyé rẹ̀ ni wọ́n ń wò, Chinua Achebe sì gbà á ní 2007, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Achebe fi ń kọ̀wé. Ọdún 2016 ni wọ́n sọ ọ́ di ti ìwé tí a túmọ̀, lọ́dọọdún.)

Ti 2025 ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù lójú tèmi. Ìwé 154 ni wọ́n fi ránṣẹ́, 13 ló yege, èdè mẹ́wàá ni wọ́n sì ti wá. Ọ̀gbẹ́ni òyìnbó kan ní kò yẹ kí Heart Lamp tí Banu Mushtaq kọ wà níbẹ̀, pé àkójọ ìtàn kúkúrú ni, pé ta ló ń fi ìyẹn du ipò pẹ̀lú odidi ìtàn. Ẹlòmíràn ní àwọn ìwé náà tín-ín-rín jù, ó ní àfi bíi pé àwọn adájọ́ ń kánjú lọ síbì kan. Obìnrin ará Póláńdì bínú pé kò sí ìwé Póláńdì. Ọmọ Pakísítánì béèrè Urdu. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Èdè Áfíríkà ńkọ́?" Kálukú ń wá ọmọ ìyá rẹ̀ láàárín èrò.

Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ló dá sí i. Ó ní àwọn adájọ́ kọ́ ló ń káàkiri ayé wá ìwé, àwọn ilé ìtẹ̀wé ló ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí ilé ìtẹ̀wé kankan kò bá ra ẹ̀tọ́ ìwé kan, tí kò sì sanwó fún ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀, ìwé náà ò lè dé iwájú adájọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi dáadáa, ó sì dùn mí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí orúkọ ìwé wọ̀nyẹn, ohun tí àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fowó ara wọn rà ni mò ń kà, n kì í pè é ní ohun tí gbogbo ayé kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú adájọ́ pé wọ́n ṣe ojúsàájú, ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn lẹ̀ ń kàn. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké ló sì ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. And Other Stories tó tẹ Heart Lamp, Sheffield níbí ló wà.

Èdè abínibí Áfíríkà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni Gíkúyù, ní 2021, nígbà tí wọ́n ṣa The Perfect Nine ti Ngũgĩ wa Thiong'o. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló tún túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé sì ti mọ Ngũgĩ tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Ta ni yóò ṣe irú ẹ̀ fún tíṣà kan ní Ọ̀yọ́ tó kọ ìtàn Yorùbá sínú ìwé àjákọ, tó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Lọ́dún Àjíǹde 2025 yẹn, mo lọ sílé fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo kó mẹ́ta nínú ìwé náà dání: Heart Lamp, Small Boat àti Hunchback. Solenoid ti Mircea Cărtărescu wù mí o, ṣùgbọ́n ó ju ojú-ìwé 600 lọ, ẹni tó bá ti san owó àlékún ẹrù rí ní pápákọ̀ òfurufú kò ní bi mí nídìí tí mo fi fi í sílẹ̀. Bàtà tí wọ́n rán mi ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Àbúrò ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ gbé Small Boat. Ọmọ náà ti jáde yunifásítì, ọ̀rọ̀ jápa ni tirẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Èdè Faransé ni Vincent Delecroix fi kọ ìwé náà, Helen Stevenson ló túmọ̀ rẹ̀, orí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ló sì dá lé: ní oṣù kọkànlá 2021, ọkọ̀ rọ́bà kan rì lórí omi tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán ènìyàn 27 ló kú. Wọ́n pe àwọn aláàbò etíkun lórí fóònù títí. Obìnrin kan tó ń gbé fóònù níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, tó ń rojọ́ níwájú ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀.

Òru ọjọ́ kan lọmọ yìí fi kà á tán. Iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló lò. Nígbà tó máa di àárọ̀, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ẹnu.

"Àǹtí, obìnrin yìí ní òun kọ́ lòun ní kí wọ́n kúrò nílé wọn."

Mo rò pé yóò ṣépè fún obìnrin náà. Ohun tó sọ ni pé, "Ohun tí Dádì máa ń sọ fún mi náà nìyẹn. Pé tí mo bá lọ, kí n má pe àwọn o, àwọn kọ́ làwọ́n rán mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ físà, pé kó gba ọ̀nà tó tọ́, kó fara balẹ̀. Ó wò mí. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí? Ta ló ní kí ẹ lọ?" Mo bu omi sẹ́nu. Ní Sheffield, bí ìbéèrè ìdánwò la ṣe jókòó yẹ ìwé yẹn wò: ṣé obìnrin náà jẹ̀bi, ṣé kò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì irú nǹkan báyẹn.

Hunchback ló ṣe mí ní kàyéfì jù. Saou Ichikawa, ọmọ Japan, ló kọ ọ́, Polly Barton sì túmọ̀ rẹ̀. Àìsàn iṣan tí wọ́n bí mọ́ ọn ń bá òǹkọ̀wé náà fínra, obìnrin inú ìwé rẹ̀ sì ń gbé ilé ìtọ́jú, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ kà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá arúgbó kan tí mò ń ṣọ́. Mo dé ibi tí obìnrin náà ti ń fi ẹ̀rọ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò lọ́nà ọ̀fun ara rẹ̀. Mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Mo mọ bí rọ́bà rẹ̀ ṣe máa ń há nígbà míì, tó máa hó ṣùrùrù, tí ojú aláìsàn á pọ́n. Lálẹ́ yẹn, etí ẹni tó dùbúlẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ. Àsìkò ti tó láti yí ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo pa ìwé dé, mo kí wọn, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún wọn, kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Àbúrò mi obìnrin ló gba ìwé yẹn ní Ọ̀yọ́. Ó ń kọ́ni níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ fún àwọn tí kò ríran, àwọn tí kò gbọ́ràn àti àwọn tó ní ìpèníjà ara. Kò káàánú obìnrin inú ìwé rárá. Ibì kan wà tí obìnrin náà ti bínú sí àwọn tó ń yangàn pé ìwé bébà làwọ́n fẹ́ràn, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà, tí ojú rẹ̀ ríran, nìkan ló lè gbé ìwé bébà kà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ka ibẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kíláàsì lòun ń gbé e lọ. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé kà níwájú àgbà, ìyẹn ló ní òun máa fò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ̀ ń jà lórí ìwé 13 níbẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ tí kò ríran tí mò ń kọ́, ìwé ìtàn Yorùbá mélòó ni wọ́n lè fọwọ́ kà ní Braille?" Mi ò lèsì. Àwọn tó ń fúnni lámì-ẹ̀yẹ náà, mi ò rò pé wọ́n lèsì rẹ̀.

Heart Lamp ni gbogbo ilé jọ kà, àní Màámi tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kẹta ìgbéyàwó, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò mi la ìwé sórí itan, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì sínú, Yorùbá ló ń tẹnu rẹ̀ jáde. Ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Mehrun ni. Ọkọ rẹ̀ ní obìnrin sóde, òun náà gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn arákùnrin rẹ̀ mú un padà sílé ọkọ.

Màámi dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. "Wọ́n dá a padà? Ọmọ ìyá rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ní kó má kó ìtìjú bá àwọn."

"Níbo lèyí ti ṣẹlẹ̀?"

"Íńdíà ni, Màámi."

"Irọ́ ni. Owódé níbí ni. Mo mọ ilé wọn."

Nígbà tó débi tí obìnrin náà ti gbé kẹrosínì, Màámi ò ṣa ẹ̀wà mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló gbé ọmọ ọwọ́ wá síwájú rẹ̀, tó bẹ̀ ẹ́, tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Màámi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ obìnrin ṣeé bí. Wọ́n ní ká sọ òmíràn. Báyìí ni ìtàn tí wọ́n kọ ní èdè Kannada ṣe gba Gẹ̀ẹ́sì kọjá, tó sì di Yorùbá ní Ọ̀yọ́, láàárín ọ̀sán kan, láìsí atẹ̀wé.

Bàbá Tíṣà, àbúrò Màámi, bá wa lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ló gbóná jù.

"Kí lẹ̀ ń pariwo Booker sí? Ọ̀yọ́ níbí ni Fágúnwà ti ṣe tíṣà, ní St Andrew's. 1938 ni wọ́n tẹ Ògbójú Ọdẹ. Ìgbà wo ni Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì? 1968! Fágúnwà ti kú láti 1963. Ká tiẹ̀ ní àmì-ẹ̀yẹ yín ti wà nígbà náà, ta ni ì bá gba ìdajì owó?"

Wọ́n nawọ́ sápá ibi tí ààfin wà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Olókùn-ẹṣin ńkọ́, tí aláṣẹ òyìnbó dí lọ́nà kó má bàa kú tẹ̀lé Aláàfin Ládìgbòlù? Ọ̀yọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ọ́, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló gbé e padà wá sí Yorùbá. "Irú iṣẹ́ tí Ìṣọ̀lá ṣe yẹn, àmì-ẹ̀yẹ wo ló wà fún un?" Mo ní eré onítàn ni, kì í ṣe ìtàn àròsọ, kò tilẹ̀ bá òfin wọn mu. Bàbá ní kí n lọ jókòó.

Àbúrò mi gba tiwọn. Ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la gbọ́dọ̀ gbà ká tó lókìkí. Èmi ò lè gbà fún un pátápátá. Àwọn ọmọ mi tí mo bí sí Sheffield ń gbọ́ Yorùbá, wọn ò lè kà á. Bí ẹnì kan bá túmọ̀ ìwé Yorùbá tuntun kan dáadáa sí Gẹ̀ẹ́sì lónìí, àwọn ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, kí òyìnbó kankan tó kà á. "Ẹ kọ́ wọn ní kíkà, Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ alẹ́. A fi í síbẹ̀, wọ́n gbé àmàlà dé.

Lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún, Heart Lamp ló gbà á, Banu Mushtaq àti Deepa Bhasthi tó túmọ̀ rẹ̀. Òun ni ìwé Kannada àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà, òun sì ni àkójọ ìtàn kúkúrú àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ní kò yẹ kó wà níbẹ̀ kò yọjú sípàdé wa tó tẹ̀lé e, wọ́n ní orúnkún ló ń dùn ún. Mo pe ilé. Mo ní kí àbúrò mi bá mi sọ fún Màámi pé ìwé obìnrin Íńdíà yẹn ti gba owó ńlá. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé àwọn arákùnrin rẹ̀ yẹn ò ní gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí?"

Mo ṣàlàyé pé ẹni tó kọ ìwé kọ́ ni Mehrun, pé lọ́yà ni òǹkọ̀wé náà.

"Lọ́yà?" Màámi ní. "Ìyẹn dáa. Kó má jẹ́ kí wọ́n mọ iye tí wọ́n fún un."