Ta ni yóò máa ṣọ́ ọkọ̀ apẹja ńlá lójú òkun Àgbádárìgì?

Òfin ẹja pípa lójú òkun ti ọdún 1992 àti àwọn ìlànà tó so mọ́ ọn kò fàyè gba ọkọ̀ apẹja ńlá láti wọ́ àwọ̀n láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun wa, ìyẹn ohun tó lé díẹ̀ ní kìlómítà 9. Àwọn ọlọ́kọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún. Síbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń pẹja ní Gberefu tàbí Yovoyan létíkun Àgbádárìgì, yálà Ègùn ni tàbí Ìlàjẹ, yóò sọ fún yín pé òru ni ọkọ̀ ńlá máa ń wọlé wá ya àwọ̀n. Ẹjọ́ yìí kì í lọ jìnnà, torí pé ẹni tí wọ́n ya àwọ̀n rẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí kọjá ìràwọ̀.

Ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀, tí yóò máa fi ibi tí ọkọ̀ wà àti bí ó ṣe ń sáré tó ránṣẹ́ sórí ilẹ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Eré yẹn gan-an ló ń tú àṣírí, nítorí ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n kì í yára tó èyí tó kàn ń kọjá lọ. Atukọ̀ lè pa ẹ̀rọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí òfin bá ti ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀, dídákẹ́ ọkọ̀ á di ẹ̀rí lọ́tọ̀.

Ti kámẹ́rà tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ yàtọ̀. Ní British Columbia lórílẹ̀-èdè Kánádà, láti ọdún 2006 ni kámẹ́rà ti ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń fi ìwọ̀ pa ẹja ìsàlẹ̀ òkun. Atukọ̀ á kọ ohun tó pa sílẹ̀, àwọn aṣàyẹ̀wò á wo nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 àwòrán náà, wọn á sì fi í wé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Atukọ̀ kò mọ apá tí wọn yóò wò; bí méjèèjì kò bá sì bára mu, wọ́n lè wo gbogbo àwòrán náà, kí ọlọ́kọ̀ sì san owó rẹ̀. Gánà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán kámẹ́rà wò lórí ọkọ̀ tó ń pa ẹja túnà ní ọdún 2015. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ni ẹni tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ láti máa ṣọ́ iṣẹ́ ẹja ti pòórá lójú òkun ní ọdún 2019. Bí wọ́n bá ba kámẹ́rà jẹ́, kò ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Ní tèmi o, ẹ̀rọ sátẹ́láìtì ni kí Nàìjíríà kọ́kọ́ fi dandan lé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ ńlá, kì í ṣe lára ọlọ́pẹẹrẹ tí kò tíì rí owó ẹ́ńjìnnì san tán. Kí ìròyìn náà má sì parí sí ọ́fíìsì. Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà, ọkọ̀ tó bá dẹ́ṣẹ̀ níhìn-ín lè ti wọ omi Bẹ̀nẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa àti Bẹ̀nẹ̀ jọ wà nínú àjọ ẹja orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Tema, ní Gánà. Bí àwọ̀n bá ya ní agogo méjì òru, ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn apẹja Àgbádárìgì lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé ọkọ̀ wo ló wà níbẹ̀ ní wákàtí yẹn, kí wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó mú ẹjọ́ owó àwọ̀n lọ síwájú.