Ẹ̀rí Tí Bàbá Tíṣà Jẹ́ Lórí Ọkọ̀ Ìjàpá

Bàbá Tíṣà, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọkọ̀ òun ní ọkọ̀ àtijọ́. Volkswagen Ìjàpá aláwọ̀ ewé ni, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, táǹkì epo wà níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bátìrì sì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí Màmá, ìyàwó rẹ̀, máa ń gbé àpò gàrí lé. Kò sí àrùn tó ń ṣe ọkọ̀ náà tí Bàbá kò lè wò fúnra rẹ̀, àfi ti géèjì epo, èyí tó ti ń purọ́ láti ìgbà tí mẹkáníìkì kan ti fọwọ́ kàn án.

Irọ́ náà ní ètò. Bí táǹkì bá kún, ọwọ́ géèjì á dúró síbi 1/1 gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí epo ti ń lọ sílẹ̀ tó, ọwọ́ náà kì í sọ̀ kalẹ̀ kọjá 1/2, kódà kí ọkọ̀ ti kú sójú títì nítorí àìsí epo. Bàbá, ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kò bá a jà. Ńṣe ló ṣírò irọ́ náà, ó kọ ọ́ sínú pépà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú mítà: 1/1 dọ́gba pẹ̀lú táǹkì kíkún, 3/4 dọ́gba pẹ̀lú ìdajì, 1/2 dọ́gba pẹ̀lú òfo. Ní ti lẹ́tà R tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí àwọn ará Jámánì fi sí i kí awakọ̀ lè mọ̀ pé epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Bàbá kò kọ ohunkóhun síwájú rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ géèjì kì í dé ibẹ̀ mọ́. Bí a bá ráhùn, á rán wa létí pé Ìjàpá tí òun kọ́kọ́ rà kò ní géèjì rárá. Òótọ́ ni èyí, nítorí pé kó tó di nǹkan bí ọdún 1961, láìsí géèjì epo ni Ìjàpá ń jáde: bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ yí ẹ̀rọ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ níwájú rẹ̀, ìwọ̀nba epo tí wọ́n fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ táǹkì á sì gbé e dé ilé epo. Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ tó ti dolóògbé.

Nígbà tí Bàbá lọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé ẹbí, Màmá pè mí ní Èkó pé kí n wá bá òun mú irọ́ kúrò nínú ọkọ̀ náà kí olówó orí òun tó dé. Mo lọ bá a ní Ìbàdàn, mo sì mú ríwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, dání láti Mọ́kọ́lá, ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju sùúrù rẹ̀ lọ. Kò tíì jókòó tó fi sọ pé géèjì ti kú, àti pé gbogbo ojú mítà la máa tú jáde, nítorí inú mítà tó ń ka eré gan-an ni géèjì epo Ìjàpá náà wà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò náà kò le: a ó yọ wáyà tó wà lórí fúlóòtì, ìyẹn ohun èlò tó ń léfòó nínú táǹkì tó sì ń ránṣẹ́ sí géèjì, a ó ṣí iná, a ó sì fi orí wáyà náà kan ara ọkọ̀, bí ọwọ́ géèjì bá gòkè lọ sí 1/1, géèjì àti wáyà kò jẹ̀bi, inú táǹkì ni aṣebi wà. Ríwáyà fi wáyà kan irin, ó ṣẹ́jú, ó ní, “Ẹ rí i? Ó ti kú.” Màmá, tó jókòó sí àga awakọ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, dá a lóhùn pé, “Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù, ó ń dìde bọ̀.” Ó sì ń dìde lóòótọ́. Irin pẹlẹbẹ kan tí iná ń mú gbóná díẹ̀díẹ̀ ló ń ti ọwọ́ géèjì náà, kí ó má baà máa jó nígbà tí epo bá ń mì nínú táǹkì, nítorí náà kì í kánjú. Ó gòkè, ó gòkè, ó dúró sórí 1/1.

A gbé àpò gàrí kúrò, a sì tú orí bátìrì, nítorí pé ọlọ́gbọ́n kì í ṣí táǹkì epo nígbà tí iná ṣì wà lára ọkọ̀. Nígbà tó kù kí a fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì, mo lọ bẹ ìyá alágbàdo tó ń fẹ́ iná lẹ́bàá ògiri wa pé kó gbé iná rẹ̀ jìnnà sí wa. Ó ní òun kò ní kúrò níbi tí àwọn oníbàárà ti mọ òun. Ìgbà tí mo ra gbogbo àgbàdo orí ààrò rẹ̀ tán ló tó pa iná, bó ṣe di pé ríwáyà tú síkúrúù máràrùn-ún tó di fúlóòtì mú pẹ̀lú àgbàdo lẹ́nu nìyẹn.

Bí fúlóòtì ṣe jáde báyìí, ọ̀rọ̀ yé wa. Ti ọkọ̀ mìíràn ni mẹkáníìkì ọjọ́sí fi sí i. Apá rẹ̀ gùn ju ti Ìjàpá lọ, nítorí náà bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, á gúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì nígbà tí ìdajì ìrìn rẹ̀ ṣì kù. Àánú géèjì ṣe mí díẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́ láti ọdún yìí wá, tí gbogbo ilé ń pè é ní òpùrọ́. A rí fúlóòtì Ìjàpá gidi rà ní Agodi Gate. Ríwáyà fi mítà rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ka nǹkan bí ohm 73 nígbà tí fúlóòtì wà nísàlẹ̀, ó sì ka nǹkan bí 10 nígbà tí a gbé e sókè, bó ṣe yẹ kó rí. Lẹ́yìn náà ni a ń fi kẹ́ẹ̀gì lítà 5 da epo padà díẹ̀díẹ̀, tí ríwáyà ń tẹ apá fúlóòtì wò, tí Màmá ń kígbe ohun tí géèjì bá sọ, títí lítà 5 fi dúró lórí R, tí lítà 20 sì dúró lórí 1/2, nítorí pé nǹkan bí lítà 40 ni táǹkì náà ń gbà. Lítà 20 náà ni Bàbá fi sílẹ̀, a kò sì fi ẹyọ kan kún un. Màmá ní kí a má fọwọ́ kan pépà ara mítà, pé òun fúnra òun lòun máa ròyìn fún Bàbá.

Mo ti padà sí Èkó kí Bàbá tó dé. Orí 3/4 ló fi ọwọ́ géèjì sí nígbà tó ń lọ; orí 1/2 ló bá a. Kí Màmá tó la ẹnu, ó ti bi í léèrè òde àríyá tó jẹ́ kí n gbé ọkọ̀ òun lọ. Màmá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀sùn yẹn kò dun òun tó bí Bàbá ṣe mú pẹ́ńsùlù tó sì ń ṣírò iye lítà tí mo jó. Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ wo ibi tí ìṣirò náà máa gbé e dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni epo wọ́n ní Ìbàdàn. Bàbá gbé ọkọ̀ tó gbà pé ó ti ṣófo jáde láti wá ilé epo, ó bá ìlà tí kò lórí tí kò nídìí, ó padà sílé, ọkọ̀ kò sì kú. Ó tún jáde lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kò kú. Nígbà tí ọwọ́ géèjì sọ̀ kalẹ̀ kọjá 1/2, níbi tí kò dé mọ́ láti ìgbà tí mẹkáníìkì ọjọ́sí ti fọwọ́ kàn án, Bàbá dúró létí títì, ó sì ṣí fìlà. Nígbà tó di Sátidé, ó wà á lọ síbi òkú ní ìlú Ọ̀yọ́, ó sì wà á padà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Màmá jókòó sí lálọ lábọ̀, tó ń wo igbó láti ojú fèrèsé.

Mo wá bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, n kò mọ ohun kan kan, àfi bí Bàbá ṣe dìde láti jẹ́rìí. “Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ mi ti ń rìn láìsí epo.” Ó mẹ́nu ba opó Sáréfátì àti kòlòbó òróró tí kò gbẹ. Ó ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ fún ìjọ láti 1/1 dé 1/2. Ìjọ hó halelúyà. Mo fẹ́ dìde, Màmá já mi lẹ́ẹ̀kánná ní itan.

Nígbà tí a ń lọ sílé, a gba Ọjà-Ọba láti gun òkè Mápó. Láti àga ẹ̀yìn ni mo ti rí i pé ọwọ́ géèjì ti sùn sí abẹ́ R. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a wá epo.” Ó pè mí ní Tọ́másì. A kò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá, tó kúrò lórí ohun tó ń tẹ̀, tó sì ń tá kiri nísàlẹ̀, tó ń wá ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú Ìjàpá àkọ́rà, èyí tí wọ́n ti fi da ìkòkò kó tó di pé wọ́n bí mi. Ẹ́ńjìnnì kú. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó rántí bíréèkì, àwọn obìnrin ọjà ké, àwọn ọkùnrin kan sáré wá bá wa tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ròyìn fúlóòtì fún un. Bàbá wo pépà, ó wo géèjì, ó wá yíjú sí Màmá.

“Ìyá Ṣadé, ẹ̀yin náà mọ̀?”

“Ìṣirò yín ni mò ń tẹ̀ lé, olówó orí mi.”

Ọmọkùnrin kan tó ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì wà ní ìsọdá títì, ìlọ́po méjì owó ilé epo ló sì ń tà á. Bàbá sanwó láìnájà, ó sì sọ fún wa pé ọkọ̀ tó bá mọ̀ ọ́n kú, tó lọ kú níwájú elépo, ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì parí. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó nawọ́ pé òun fẹ́ fi díẹ̀ kún ẹ̀rí òun. Àmọ́ díákónì kan wà lára àwọn tó bá wa ti ọkọ̀ ní Mápó, olùṣọ́àgùntàn sì ti gbọ́. Ó wo aago, ó ní àkókò ti lọ, ó ní kí àwọn akọrin bọ́ síwájú.