Bàbá Kékeré ta kájú lórí igi

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, torí àwọn àbúrò tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kàbà kì í yé bi mí pé àǹtí, báwo lẹ ṣe ṣe é tẹ́ ẹ fi ra ilẹ̀, owó oṣù yín ò kúkú ju tiwa lọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti oko.

Oko kájú àwọn bàbá mi wà lẹ́yìn Ìyàmoyè. Ẹni tó bá gbé ọ̀dọ̀ wa rí, Ìjùmú ni o, Yàgbà ni o, Owé ni o, á mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ni òdòdó kájú máa ń bo igi, ìgbà yẹn náà làwọn tó ń ra kájú máa ń gun ọ̀kadà kiri abúlé, wọ́n mọ̀ pé oṣù kìíní lowó máa ń wọ́n wa jù, Kérésì ti jẹ èyí tó wà nílẹ̀, owó ilé ìwé sì ti dé. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, jókòó sídìí igi lọ́dún kan báyìí, ọkùnrin kan ń fi itọ́ sí ìka, ó ka ₦150,000 sí i lọ́wọ́, ó parí nìyẹn, gbogbo ohun tí oko yẹn bá so lọ́dún náà ti di tiẹ̀. Òdòdó ni wọ́n tà o, kò tíì so rárá. Nígbà tó di oṣù kẹta mo lọ sóko, mo dúró ka àpò tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀, mọ́kànlá. Àpò mẹ́rin péré ti tó dá owó ọkùnrin yẹn padà, méje tó kù, èrè. Bàbá Kékeré fúnra ẹ̀ ló ń bá wọn gbé e sórí ọkọ̀. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Bàbá yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, ọ̀pọ̀ nínú wa ò lè ṣe ìdajì iṣẹ́ tó ń ṣe lóòjọ́. ₦150,000 tí kò sí nílẹ̀ lóṣù kìíní ló gba àpò méje lọ́wọ́ ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mo ti gbà pé kéèyàn tó sọ̀rọ̀ ìdókòwò kankan, kó kọ́kọ́ ní owó tí ò ní jẹ́ kó ta nǹkan ẹ̀ kó tó gbó. Èmi máa ń pe tèmi ní owó má-ta-kájú.

Báwo ni mo ṣe kó o jọ? Àjọ ni. ₦500 lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ tó ń yí ọjà ká. Oṣù tó bá ní ọjọ́ 31, ₦15,500 nìyẹn, alájọ á mú ₦500 tiẹ̀, á kó ₦15,000 fún mi. Àwọn kan ní mò ń sanwó kí wọ́n lè bá mi tọ́jú owó mi, bẹ́ẹ̀ ni, mò ń san án, torí tó bá fi wà lápò mi màá ná an ni. Ó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́wàá kí ₦150,000 tó pé, mi ò sì fọwọ́ kàn án fún aṣọ ẹbí kankan, bó ti wù kí ẹni tó ń ṣayẹyẹ sún mọ́ mi tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa, ẹni tó jẹ tó tún ṣẹ́ kù. Wọ́n á ti yọ owó tí mò ń fi pamọ́ síbẹ̀ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi, tí mo bá fẹ́ yáwó, wọ́n lè yá mi ní ìlọ́po méjì ohun tí mo ní níbẹ̀, èlé ẹ̀ ò sì tó ohun tí àwọn olówó èlé ń gbà. Owó yẹn ni mo fi ra ilẹ̀ tí mo sì gbin kájú sí i. Kájú á bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó di bí ọdún méje kó tó máa so gidi, ọdún tó wà láàárín yẹn ló máa ń sú èèyàn.

Owó náà ń ṣe bíi kájú. Tó o bá ń fi ₦10,000 pamọ́ lóṣooṣù níbi tó ń mú èlé 12% wá lọ́dún, tí o ò yọ èlé náà jẹ, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó ti di bíi ₦2.3 mílíọ̀nù. Tó o bá tún ń fi ₦10,000 kún un lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦9.9 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ₦2.4 mílíọ̀nù péré lowó tó ti ọwọ́ ẹ jáde. Tó o bá fẹ́ mọ ìgbà tí owó á di ìlọ́po méjì, fi iye èlé pín 72. Tó bá jẹ́ 12%, bí ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ká ní mo mọ ìṣirò yìí nígbà kan ni, mi ò bá má kó ₦50,000 fún àwọn tó ní oṣù kan péré lá di méjì. Mi ò rí kọ́bọ̀ gbà padà.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí owó kàn jókòó sílé o. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì, nígbà tí 2024 fi máa parí ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó fi náírà sínú àpótí, iye ẹ̀ pé, ohun tó lè rà ló ti lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ra FGN Savings Bond, ìyẹn owó téèyàn ń yá ìjọba àpapọ̀ kó lè máa gba èlé, tíjọba ń tà láti 2017, ₦5,000 lo lè fi bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, wọ́n sì ń san èlé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èlé ẹ̀ máa ń ju bí ọjà ṣe ń wọ́n lọ, ìdí tí mo fi tún ní oko nìyẹn. Oko náà sì ní ewu tiẹ̀, lọ́dún kan iná igbó jó apá kan kájú wa láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, igi tá a ti ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́, ọjọ́ yẹn mo dúpẹ́ pé owó mi ò sí lójú kan.

Lóṣù kìíní ọdún yìí ọkùnrin tó ń ra kájú yẹn tún padà wá. Bàbá Kékeré pè mí lórí fóònù, mo fi ₦100,000 ránṣẹ́ sí i nínú owó má-ta-kájú, mo ní bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó so ná. Ó di oṣù kẹrin kó tó tà, òun fúnra ẹ̀ ló kó àpò ẹ̀ lọ síbi òṣùwọ̀n. Lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ó kó owó mi fún mi, ó wá ní kí n bá òun mú alájọ yẹn wálé, òun fẹ́ máa dá ₦300.