Ìwé ìwakọ̀ ojú omi lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Mo ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún kí n tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ojú omi tí àwọn Faransé ń pè ní permis plaisance. Ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni mo ti gbà á, nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) tí wọ́n bí mi sí létí rẹ̀ ló jẹ́ kó máa wù mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá orí àgbà ṣì ń gba ẹ̀kọ́. Orí ò níṣòro. Ojú àti etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé tọ dókítà lọ, kẹ́ ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Ọmọ ọdún 16 lè gba ìwé náà, kò sì sí ọjọ́ orí tí wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Ìwé dókítà ni wọ́n ń béèrè: ojú kan gbọ́dọ̀ ríran dé 6 nínú 10, èkejì 4 nínú 10, ẹ sì lè lo awò. Àwọ̀ ni awò kì í bá ni tún ṣe. Ẹni tí kò bá mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, kó tètè mọ̀ kí owó rẹ̀ tó wọmi.

Ìbéèrè 40 ni ìdánwò, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣì ju 5 lọ. Ẹ má ṣe há a sórí bí ọmọ iléèwé. Ọmọ ayò ni mo tò sórí tábìlì bí ọkọ̀, tí mo ń tì wọ́n kiri, tí mo sì ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún ara mi. Iná pupa wà lápá òsì ọkọ̀, aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun lẹ́yìn. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó bá ń ti ọwọ́ ọ̀tún yín bọ̀ wá dábùú yín, òun ló ni ọ̀nà. Pupa rẹ̀ lẹ ó sì rí lóru. Èyí tó ń ti òsì bọ̀, àwọ̀ ewé ló máa fi hàn yín. Bẹ́ ẹ bá forí korí, kí kálukú yà sí ọ̀tún. Ọmọ ayò ló jẹ́ kí n rí i pé iná náà fúnra rẹ̀ ń sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe.

Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, ó kéré tán, ni ẹ̀kọ́ orí omi. Ẹ má fi ṣòfò lójú gbalasa, ibẹ̀ ò le. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté, léraléra. Ọkọ̀ omi ò ní bíréèkì. Ẹ kọjú rẹ̀ sí atẹ́gùn, ẹ rọra, kí atẹ́gùn bá yín dá a dúró. Bí èèyàn bá já sómi lápá ọ̀tún, ọ̀tún náà ni kẹ́ ẹ yí ọkọ̀ sí, kí ìdí ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì lè sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì náà. Olùkọ́ mi kéré sí àbíkẹ́yìn mi, ó sì ń pariwo mọ́ mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kó pariwo. Ẹ̀yin lẹ sanwó.

Ẹ má rò pé ìwé Faransé ti tó fún omi ilé. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ èbúté ohun tí wọ́n ń gbà níbí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá apẹja kan láti Aguégué, ìlú orí omi nítòsí Àjàṣẹ́, kó jókòó tì yín. Òun ló mọ ibi tí wọ́n ri igi acadja mọ́lẹ̀ fún ẹja, òun ló mọ bí omi ṣe ń yí padà nígbà tí ìkún odò Ouémé bá dé ní oṣù 9 sí 10, tó ń kó ewéko wá di abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni kò tan iná kankan lóru, nítorí náà ọ̀sán nìkan ni mo ń jáde.

Apẹja tèmi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀wù ìléfòó tí mo ń wọ̀. Mo ra tirẹ̀ fún un. Bí kò bá tíì wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì ò ní dún.