Bónẹ́ẹ̀tì Alhaji tó hunjọ mọ́ mi lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń fi ọ̀dà fín mọ́tò, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé mọ́tò wá fún wa, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí lórí bónẹ́ẹ̀tì kan n'Íbàdàn níbí, torí mo rí i pé àwọn ọmọ tó ń gba fúrídọ̀ọ̀mù báyìí, àṣìṣe tí mo ṣe gan-an ni wọ́n ń ṣe.

Mo ti dá dúró bí ọdún méjì nígbà yẹn, mo sì ti ń rò pé mo mọṣẹ́ tán. Alhaji kan gbé Camry wọn wá, Big Daddy, wọ́n ní kí n bá àwọn fín bónẹ́ẹ̀tì nìkan, oòrùn ti jẹ ẹ́. Mo wò ó, mo ní áà, iṣẹ́ ọjọ́ kan àbọ̀ ni. Mo fi sáńpépà 400 ha á, mo fín púráímà sẹ́lúlọ́ọ̀sì sí i (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó máa ń yára gbẹ), kóòtì àkọ́kọ́ jókòó dáadáa, mo tiẹ̀ rán ọmọ iṣẹ́ mi pé kó lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá. Kóòtì kejì ni wàhálà dé. Mi ò tíì gbé gọ́ọ̀nù tí mo fi ń fín in sílẹ̀ tí àárín bónẹ́ẹ̀tì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí nǹkan ń rìn lábẹ́ ẹ̀, ó bá hunjọ láti àárín dé etí. Ẹ ṣáà mọ awọ tó máa ń bo ojú ògì gbígbóná tí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀ sínú abọ́, téèyàn bá wá fi ṣíbí tì í báyìí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù. Mo jẹ́ kó gbẹ, mo ha á, mo tún fín in. Ó tún hunjọ. Mo ní tínà, omi tí a fi ń po pẹ́ńtì, ni kò dáa, mo lọ bá ìyá tó tà á fún mi jà (ó yẹ kí n ti lọ bẹ ìyá yẹn, mi ò tíì lọ dòní). Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta ni mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo rojọ́ títí, wọ́n ṣáà bi mí pé, "Ṣé o bi í léèrè kóo tó fín in?" Mo ní ta ni sà, Alhaji? Wọ́n ní, "Bónẹ́ẹ̀tì ni mò ń wí."

Àkísà ni wọ́n ń sọ. Ẹ rẹ àkísà funfun sínú tínà, ẹ wá ibi tí ojú ò tó, bí abẹ́ etí bónẹ́ẹ̀tì tàbí inú férémù ilẹ̀kùn, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ má nù ún o, ẹ kàn gbé e lé e. Tí ẹ bá ṣí i tí kò sí nǹkankan, pẹ́ńtì tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́ ni tàbí 2K (pẹ́ńtì tí a ń po mọ́ hádínà, oògùn tó ń mú un le) tó ti gbẹ dénú, ẹ máa báṣẹ́ lọ. Tí àwọ̀ bá wá sára àkísà, tí ibẹ̀ wá ń lẹ̀ mọ́wọ́, sẹ́lúlọ́ọ̀sì ni, ìyẹn ṣì ṣeé bá ṣe. Àmọ́ tó bá wú tàbí tó hunjọ, ẹ gbé gọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó lè jẹ́ 2K tí kò tíì gbẹ tán, ó sì lè jẹ́ sìntẹ́tíìkì, ọ̀dà géètì tí gbogbo wa mọ̀.

Ọ̀dà géètì ló wà lára Camry yẹn. Ẹnì kan lẹ́bàá títì ti bá Alhaji fín in ní bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, wọn ò sọ fún mi, èmi náà ò sì bi wọ́n. Ọ̀dà yẹn, atẹ́gùn ló fi ń gbẹ, òkè ẹ̀ á ti le kí inú ẹ̀ tó mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Tínà sẹ́lúlọ́ọ̀sì wá lágbára, ó gba ojú ibi tí mo ha wọlé, ọ̀dà abẹ́ mu ún, ó wú, kò ráyè sí, ó bá hunjọ. Tí ẹ bá ń fín kóòtì míì lé e, tínà lẹ kàn ń fún un mu sí i.

Ẹ bó o ni. Rìmúfà, oògùn tó ń bó ọ̀dà, tàbí sáńpépà 80 títí dé irin, lẹ́yìn náà 180, 320, kí ẹ wá fín epoxy púráímà oníhádínà. Iṣẹ́ tí Alhaji san 35,000 fún, ohun tó lé ní 40,000 ni mo fi tún un ṣe, ọjọ́ kan àbọ̀ di ọjọ́ 9. Wọn ò tiẹ̀ bínú, wọ́n ṣáà ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ wọn ò ní sọ nǹkankan, ìyẹn gan-an ló ń pa mí lára. (Ẹ dákun, ohunkóhun tó bá ní hádínà, ẹ má fi imú lásán fín in, ìbòmú bébà ìgbà kòrónà ò lè dá oró yẹn dúró, èyí tó ní fíltà èédú ni kí ẹ rà.)

Wàhálà kejì tó máa ń bá wa ni ihò róbótó róbótó, tí pẹ́ńtì á máa sá kúrò lójúkan bí omi tó bọ́ sórí ewé kókò. Sìlíkóònù ni, nǹkan tí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò fi ń mú táyà àti dáṣíbọ́ọ̀dù dán. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kí sáńpépà tó kàn án rárá ló yẹ ká ti nù ún, torí tí ẹ bá kọ́kọ́ ha á, ẹ ti gbá ọ̀rá yẹn wọ inú ilà tí sáńpépà fà. Ọṣẹ àti omi, lẹ́yìn náà degreaser tó ń tú ọ̀rá, àkísà méjì, ọ̀kan tútù, ọ̀kan gbígbẹ tó ń tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, tó bá fi lè gbẹ fúnra ẹ̀, ọ̀rá tó tú ti padà sùn síbẹ̀. Ẹ má sì fi fúẹ̀lì nù ún mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá la ti kọ́ ọ, àmọ́ ẹ kán fúẹ̀lì sórí gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fìka fà á, ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù.

Fílà tí a fi ń dí ibi tó kó sínú náà, hádínà ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju bí 2 nínú 100 lọ, ẹ má torí pé ẹ ń kánjú kí ẹ rọ ọ́ kún un, ó máa yọ àbàwọ́n sókè lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbowó tán. Gbígbẹ ni kí ẹ ha á, ó ń mumi. Ẹ máa tú omi inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gọ́ọ̀nù ní atẹ́gùn, láràárọ̀. Tí òjò bá ń ṣú nínú oṣù keje, tí pẹ́ńtì sẹ́lúlọ́ọ̀sì bá ń funfun bí ẹni da ẹ̀kọ mímu sí i, tínà yín ló ń yára fò jù, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sórí ẹ̀, ẹ lo èyí tó lọ́ra tàbí kí ẹ dúró de oòrùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ̀ọ̀dá kan gbé Corolla wá, wọ́n ń kánjú, ọjọ́ Saturday ni wọ́n ń lọ òde. Mo gbé àkísà lé búùtù, ó hunjọ. Mo ṣàlàyé fún wọn, mo dá iye owó bíbó lé e, wọ́n ní torí àkísà lásán? Wọ́n sítáátì mọ́tò, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni ilé ìwé ọmọ mi ń béèrè owó.